Sìkánà ₦8,000 tó gba irọ́ lẹ́nu mi

Oṣù kẹta ọdún 2022 ni mo ra sìkánà kékeré yìí ní Dùgbẹ̀, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta ṣájà àti páálí fóònù. ₦8,000 ni. Kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tí wọ́n tò léra lọ, dúdú ni, wọ́n sì kọ ELM327 sí i lára. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà; irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ mọ́tò láti ka àìsàn rẹ̀ sójú fóònù ni. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé ó ti sú mi láti máa san ₦5,000 fún ríwáyà, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, nígbàkígbà tí iná ìkìlọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìn bá tàn nínú mọ́tò kan. Yóò so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ ọn, yóò tẹjú mọ́ ọn títí, yóò mi orí, á ní, "Àǹtí, sẹ́ńsọ̀ ni." Sẹ́ńsọ̀ wo? "Sẹ́ńsọ̀ náà ni, mà."

Mọ́tò ni mo ń tà ní Akóbọ̀, ní Ìbàdàn níbí. Ìsọ̀ mi kì í ṣe ńlá. Tí ọjà bá yá, mọ́tò méje ló máa wà nílẹ̀. Tí kò bá yá, mẹ́ta ni, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin á sì jọ máa wò wọ́n, àwọn náà á máa wò wá. Ẹni tó bá wọlé tó bá mi lábẹ́ agbòòrùn, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni, "Ẹ kú ìjókòó mà, ọ̀gá ńkọ́?" Màá ní ọ̀gá ń bọ̀. Màá wá rọra dìde, màá tún gèlè ṣe, màá ní, "Ọ̀gá ti dé."

Ẹni tí kò bá ta mọ́tò rí máa rò pé ká jókòó ká máa retí oníbàárà ni gbogbo iṣẹ́ náà. Láti aago méje àárọ̀ la ti ń tan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí mọ́tò tó bá ń dúró lójú kan, ojú kan náà ló ti ń bàjẹ́. Bátìrì mẹ́rin ni mo ní fún mọ́tò méje. Ẹ má rẹ́rìn-ín; ẹ bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí wọ́n bá máa sọ òótọ́. Tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn Highlander tó wà lẹ́yìn, kó tó sọ̀rọ̀ tán àbúrò mi ti ń tú ti Camry. Eruku ńkọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́? Ká fọ̀ ọ́ láàárọ̀, kó tún rí bí ẹni wọ́n èlùbọ́ sí i lọ́sàn-án. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì á dé. Éjẹ́ńtì á pè pé òun ń mú ẹnì kan bọ̀ tí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú láìrí ẹ̀dá kankan. Àárín gbogbo èyí ni mo gbé sìkánà yìí wọ̀.

Lílò rẹ̀ kò le. Lábẹ́ sítíárìn, ní ìtòsí orúnkún òsì awakọ̀, sókẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tó ní ojú mẹ́rìndínlógún. Gbogbo káà tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù nínú ọjà wa. Ẹ máa kì í bọ̀ ọ́, ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìn, ẹ máa fi Bluetooth so ó mọ́ fóònù (1234 ni tèmi ń bèèrè), ẹ ó wá ṣí áàpù. Torque ni mo kọ́kọ́ lò, Car Scanner ni mo ń lò báyìí. Fóònù Android ni o. iPhone ni àbúrò mi ń gbé kiri, kò sì rí i títí dòní. Irú tó ń lo Wi-Fi ló yẹ kó rà.

Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí mọ́tò fi ń sọ àìsàn rẹ̀, àkọ́kọ́ tí mo fojú ara mi kà ni P0420. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní katalíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́tò mọ́, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Mo ní kí mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ mọ́tò náà. Ẹ̀rín ló fi jáde. "Katalíìsì wo, mà? Wọ́n ti gé e tà. Páìpù lásán ni wọ́n jó síbẹ̀." Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú nǹkan ọ̀hún, owó gidi ni, àwọn tó ń rà á sì ń ti ọgbà mẹkáníìkì kan bọ́ sí òmíràn bí àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ríwáyà ti wo mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Sẹ́ńsọ̀ ló ní ó ń bèèrè. Sẹ́ńsọ̀ méjì ni mo ti lọ rà ní Àràrọ́mì, nítòsí Agodi Gate, tí mo fi sí i, tí iná náà sì tún tàn. Lọ́jọ́ yẹn ni mo gbà pé ₦8,000 mi kò ṣòfò.

Àmọ́ kì í ṣe kóòdù ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ibì kan wà nínú áàpù náà tó máa ń sọ iye kìlómítà tí mọ́tò ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní sìkánà lè pa kóòdù rẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìn á kú, dáṣíbọọ̀dù á mọ́ fóò. Á ṣì tún tàn, ṣùgbọ́n ó lè gbà á lọ́jọ́ mélòó kan, owó yín á sì ti dé ibi tó ń lọ. Kí ìjọba tó fòfin de gbígbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2017, Kútọnù ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ra ọjà. Èkó la ń lọ báyìí, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó na ọwọ́ sí owó ni nọ́ńbà yẹn. Mo ti bá Corolla kan pàdé tí ẹni tó ń tà á fi ọmọ rẹ̀ búra pé iná kankan kò tàn nínú rẹ̀ rí. Kìlómítà méjì ni fóònù mi kọ.

Ẹ má kàn tìtorí ìyẹn pe ènìyàn lólè o. Bátìrì mọ́tò tó wá nínú ọkọ̀ ojú omi lè ti kú pátápátá, wọ́n sì lè ti yọ ọ́ lójú ọ̀nà, ìyẹn náà sì lè nu ohun tó wà nínú brain box, kọ̀ǹpútà mọ́tò, nù. Ẹ wà á fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún un wò. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ wà á ju ẹnu géètì lọ, ẹ ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò wá yọ èmi alára sílẹ̀. Corolla 2010 kan wà nílẹ̀ ní ìparí ọdún tí mo ra sìkánà yìí, tó ń gbé P0171 jáde: atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìn pọ̀ jù fún epo tó ń wọ̀ ọ́. À ń retí oníbàárà ní àárọ̀ Sátidé kan, àbúrò mi sì mú sìkánà àti fóònù mi, ó pa kóòdù náà rẹ́. Mo rí i. Mi ò bá a wí. Oníbàárà náà dé, olùkọ́ físíìsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ ojú táyà. Ló bá ti ọwọ́ bọ àpò káftánì, ló bá mú nǹkan dúdú kékeré kan jáde. Irú tèmi gan-an. Kò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "kí ló dé tó jẹ́ pé kìlómítà kan péré ni wọ́n ti wà á látìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́?"

Ká ní ọdún tó ṣáájú ni, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ: "Tíṣà, èmi ò mọ̀dí ìyẹn o, bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn." Gbólóhùn yẹn ni gbogbo wa fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò wò, kò rí. Ẹni tí kò rí, wọn ò lè bi í. Ṣùgbọ́n sìkánà mi wà lórí tábìlì níbẹ̀, Tíṣà náà sì ń wò ó. Mo jẹ́wọ́. Kò bínú, ó kàn yọ ₦100,000 kúrò nínú iye tí a ti fẹnu kò sí, mi ò sì rí ẹnu fi dúnàádúrà. Nígbà tí mẹkáníìkì yẹ mọ́tò náà wò kó tó gbé e lọ, rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ló ya. ₦6,000 la fi ra òmíràn. Mo ṣì máa ń rántí owó yẹn tí mo bá ń gbé àmàlà sẹ́nu.

Látìgbà náà ni mo ti ní ìwé kan. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ọjọ́ tó dé, kóòdù tó gbé jáde, ohun tí a tún ṣe, ohun tí a kò tún ṣe. Oníbàárà tó bá bèèrè, màá gbé e fún un. Mẹ́ta nínú wọn ti kà á tán tí wọ́n dúpẹ́ tí wọ́n sì lọ. Ọ̀kan lára wọn ra Camry ní òdìkejì títì, mo sì mọ Camry yẹn, a jọ rà á ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú tèmi ni, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ẹni tó tà á fún un sọ fún mi pé, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín lé e wá sọ́dọ̀ mi." Kò parọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé sìkánà ni babaláwo, ẹ gbọ́ ohun tí kò lè ṣe. Camry Muscle oní-sílíńdà mẹ́rin, 2007 sí 2009, a máa mu ọ́ìlì bí ẹní mu omi, sìkánà á sì ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìka ni mo fi ń wo ìyẹn, màá kì í bọ ẹnu sàlẹ́ńsà. Tó bá jáde tó dúdú tó sì ń yọ̀, mo ti mọ ilé tó ń lọ. Mọ́tò tí omíyalé ti gbé rí, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó títí yóò fi dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi imú gbọ́ òórùn kápẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti yí máìlì padà sẹ́yìn, olówó pọ́ọ́kú yìí kò ní tú u fó. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì bóyá ó ti gbó ju ohun tí máìlì ń sọ lọ. Kò ka ti àpò atẹ́gùn àti ABS, tó jẹ́ ti bíréèkì, fún mi rí, nítorí náà ríwáyà ṣì ń jẹ díẹ̀ lára mi.

Àléébù tirẹ̀ fúnra rẹ̀ wà o. Kò bá Ford àtijọ́ kan sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn ń yí bírí-bírí lójú fóònù. Ó tún máa ń fa iná kódà tí ẹ bá ti pa mọ́tò. A gbàgbé rẹ̀ sínú Highlander fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bátìrì tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ bá sùn, ọjọ́ yẹn gan-an ni Alájì kan sì wá láti Ọ̀yọ́ wá wò ó. Sìkánà náà kò pé ọdún méjì tó fi kú. Ìkejì tí mo rà ní 2024, lẹ́yìn tí náírà ti dojú dé, ₦18,500 ni. Mi ò lè ráhùn: Corolla 2010 tí mo tà fún Tíṣà ní ₦3.3 mílíọ̀nù, owó tí mo fi ra irú rẹ̀ lọ́dún 2024 ti lé ní ₦6 mílíọ̀nù, kí n tó fi èrè kankan lé e.

Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á, kí ẹ dán an wò lára mọ́tò kan lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì máa yọ ọ́ tí ẹ bá ti lò ó tán. Èyí tó wà lórí tábìlì mi kì í ṣe títà. Ẹni méjì ti bi mí lọ́sẹ̀ yìí.