Ìtọ́jú ajá àti ológbò àgbàtọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ní Iléṣà: ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ajá ìgboro sílé, tí ẹ ń tọ́jú wọn títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò gbà wọ́n pátápátá, iṣẹ́ abẹ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yìí. Ẹ má gbé àìsàn òjijì lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá nìkan ni wọ́n ń ṣí, kò sí ẹni tí yóò dá yín lóhùn lóru, bẹ́ẹ̀ parvo, àìsàn àkóràn tó ń tètè pa ọmọ ajá, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ajá tó bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, dókítà ẹranko tó bá wà nítòsí ni ẹ ó sáré gbé e lọ bá. Èyí tó bá le jù, ó di ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ wọn dáńgájíá. Wọ́n ń gbé ajá sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó fa oògùn oorun sínú síríńjì, wọn kì í fojú díwọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ mú owó oògùn dání. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ẹ̀bà tí olówó ajá ti fún un jẹ láàárọ̀. Ajá tó bá bì lójú oorun, èébì náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó ti dàgbà, ẹ gba oúnjẹ níwájú rẹ̀ láti aago 10 alẹ́, kí ẹ fi omi sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí tí kò tíì pé oṣù 4 kò gbọdọ̀ fara da ebi ju wákàtí 4 lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀. Abo tí akọ ń sá tẹ̀ lé, ẹ fún un ní nǹkan bí oṣù 2 kí wọ́n tó yọ ilé ọmọ rẹ̀. Lásìkò tí akọ ń sá tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ ń ya lọ síbẹ̀ púpọ̀. Akọ tí wọ́n sì tẹ̀ lọ́dàá ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ so ó mọ́lẹ̀.

Àìsí ẹni tí yóò tẹ̀ lé ajá délé ni mo fi ń yọ máàkì wọn. Tí wọ́n bá ti rán an tán, ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì. Ẹ gé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, kí ẹ fi kọ́ ọ lọ́rùn kó má baà lá ojú abẹ. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ títí wọn yóò fi tú òwú, láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Kí ojú abẹ pọ́n díẹ̀ kò burú. Tó bá ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, ẹ padà lọ. Tí erìgì rẹ̀ bá funfun bí ẹfun, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́.

Lórí àjẹsára, ẹ ní kí wọ́n ṣí kúlà wọn hàn yín. Ìwọ̀n òtútù dígírì 2 sí 8 ni oògùn náà ń gbé. Ooru ń bà á jẹ́, kó dì gbagidi náà ń bà á jẹ́, iná Iléṣà sì nìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò tó ọmọ ajá. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ààbò tó bá wàrà ìyá rẹ̀ wá lè pa agbára èyí àkọ́kọ́. Ti dìgbòlugi, oṣù 3, ká tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni láti rán an létí. Wọ́n sáà ń fún ajá tí wọ́n bá gún ní okùn ọrùn, mo fẹ́ràn ìyẹn: ajá tí kò lókùn lọ́rùn ní Iléṣà nígbà ọdún Ògún, kí ni mo tún fẹ́ ṣàlàyé?

Ìlà kan náà ni aláìsàn àti alálàáfíà ń tò sí. Ẹ gbé ọmọ ajá mọ́ra, kó má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Sánítáísà kì í pa parvo. Ọṣẹ lẹ ó kọ́kọ́ fi fọ ilé, lẹ́yìn náà Hypo ife 1 sí omi ife 20, kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ilẹ̀ àgbàlá tí kò ní símẹ́ńtì lè gbé kòkòrò náà fún oṣù púpọ̀. Ajá tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14.

Wọ́n mọ ìtọ́jú ara yíyún àti eégbọn dáadáa, wọn a sì bá ẹni tó fi ọ́ìlì mọ́tò tàbí ọ̀tapíàpíà pa ajá lára wí. Ó tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ológbò nìkan ni ọwọ́ wọn kò tíì mọ́ra sí. Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí ni kí ẹ fi gbé e lọ, ẹ má sì fún un ní Panadol nílé láéláé, pípa ló ń pa á.