Sípẹ́kítírómítà Àdàpọ̀ fún Gámà àti Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Nígbà mìíràn, kóró átọ́mù a máa fi agbára rẹ̀ lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ dípò kó tú gámà, ìyẹn ìtànṣán alágbára, jáde, ìdí sì nìyí tí yàrá ìwádìí fi ń wá sípẹ́kítírómítà àdàpọ̀, ẹ̀rọ tó lè wọn agbára méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ fi wéra: èyí tó so sódíọ̀mù áyódáìdì mọ́ sílíkọ́nì tínínrín, àti èyí tó so jẹmáníọ̀mù mọ́ sílíkọ́nì nínípọn tí a fi lítíọ̀mù sí. Nínú méjèèjì, sílíkọ́nì ló ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èkejì rẹ̀ ló sì ń gba gámà.

Ní ti gámà, bí a bá fi Cs-137 (sísíọ̀mù tó ń tú ìtànṣán jáde) dán wọn wò, ṣóńṣó tó yọ lórí àwòrán ìwọ̀n ní 662 keV (keV ni òṣùwọ̀n agbára) máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi 46 keV lórí sódíọ̀mù áyódáìdì, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 1.5 keV péré ni lórí jẹmáníọ̀mù tó dára; bí ṣóńṣó bá ṣe tínínrín tó ni ìwọ̀n ṣe péye tó. Jẹmáníọ̀mù sì nílò náítírójìn olómi tàbí ẹ̀rọ amútutù, nítorí náà kí ẹni tí iná ọba rẹ̀ ń ṣe ségesège ṣírò owó náítírójìn mọ́ owó ẹ̀rọ.

Lójú tèmi, apá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an ló yẹ kó pinnu ohun tí ẹ ó rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gámà ni ọ̀pọ̀ olùrà kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 976 keV tí Bi-207 (bísímọ́ọ̀tì tó ń tú ìtànṣán jáde) ń tú jáde nílò sílíkọ́nì tó nípọn ju mìlímítà 2 lọ kí gbogbo agbára rẹ̀ tó lè dúró sínú rẹ̀. Sílíkọ́nì tínínrín, tó jẹ́ ìdajì mìlímítà, yóò kàn gba díẹ̀ nínú agbára náà, ṣóńṣó yóò sì sọnù. Bí ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n kò bá kọjá 300 keV, tínínrín náà tó, owó rẹ̀ sì fúyẹ́.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ onísílíkọ́nì nínípọn, ẹ ní kí olùtajà gbé Bi-207 sínú àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Nígbà tí kóró Bi-207 100 bá yí padà, gámà 1064 keV máa ń tó nǹkan bíi 75, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 976 keV a sì tó nǹkan bíi 7. Ẹ̀rọ tí kò bá lè fún yín ní ìwọ̀n yìí lẹ́yìn tí a ti ṣírò bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbà sí, ẹ má rà á.

Ẹ lè mú sílíkọ́nì méjèèjì tutù sí i kí ariwo iná inú wọn lè dínkù, ṣùgbọ́n kò sí àtúnṣe tó lè mú tínínrín nípọn. A tún lè fi mágnẹ́ẹ̀tì kún sílíkọ́nì, kó máa darí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ síbi tó jìnnà sí gámà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ SAGE, sípẹ́kítírómítà àdàpọ̀ kan ní Jyväskylä, Fínlándì. Fún olùrà ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ ìjọba lórí orísun ìtànṣán gbọ́dọ̀ ṣáájú owó ẹ̀rọ.