Kí Ẹ Tó Ra Ìwé Ìfẹ́ Ayé Àtijọ́: Ìfiwéra Bí Wọ́n Ṣe Ń Mú Ọ̀rọ̀ Oyún

Ìwé ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí ayé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lọ́jà, tuntun àti àlòkù, lórí fóònù àti lórí bébà. Èèpo wọn jọra: obìnrin tó wọ aṣọ gígùn, ọkùnrin tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣí. Ohun tí a fi yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí ni oyún. Tí àwọn méjèèjì bá ti sùn pọ̀, ta ló ń bẹ̀rù, kí ni wọ́n ṣe sí i, ṣé ohun tí wọ́n ṣe náà sì wà láyé nígbà yẹn?

Ìbẹ̀rù ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Charlotte, ọmọ ọba tí ìbá jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rọbí fún nǹkan bí wákàtí 50 ní November 1817. Òkú ọmọ ló bí, òun náà sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí àwọn dókítà tó wà lórí ọmọ ọba kò bá rí i gbà là, kí ni ká ti wí nípa ọmọ pásítọ̀ ní ìgbèríko? Ìwé tó gbé ìtàn sí London ní 1818, tí ìyàwó tuntun inú rẹ̀ lóyún tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ Charlotte, kò mọ ìlú tó wọ̀.

Ìwé tó dákẹ́

Èyí ló pọ̀ jù. Wọ́n ń sùn pọ̀ láti orí 7 dé orí 20, kò sí oyún, kò sí ọ̀rọ̀ oyún, àfi bí ọmọ méjì ṣe ń sáré kiri inú ọgbà lójú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ má fi alẹ́ kan ṣoṣo dá òǹkọ̀wé lẹ́bi o: nǹkan bí ọjọ́ 6 péré nínú oṣù ni oyún lè dúró, ẹ̀ẹ̀kan lè lọ láìsí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú 100 obìnrin tó ń bá ọkùnrin sùn déédéé láìlo ohunkóhun, bíi 85 ló máa lóyún kí ọdún tó yí po. Tí ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ bá ti pé oṣù mẹ́ta tí obìnrin náà kò ka ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, aṣọ àti ijó nìkan lẹ ń fowó yín rà.

Ìwé alágbo

Àwọn ewé bíi pennyroyal, rue àti tansy, àti èso kárọ́ọ̀tì igbó, lẹ ó máa bá pàdé. Lóòótọ́ ni wọ́n wà nínú àwọn ìwé ewé-àti-egbò ilẹ̀ Yúróòpù, gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń mú nǹkan oṣù tó dúró padà wá. Ibi tí ìwé burúkú ti ń ṣìnà ni pé ó sọ àgbo náà di oògùn oníhóró òde òní: ife kan láàárọ̀, ara dá ṣáṣá, oyún kò sí. Òróró pennyroyal ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìwọ̀n tó lè mú oyún wálẹ̀ kò sì jìnnà sí ìwọ̀n tó ń pa ẹni tó mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò. Ìwé tó dára á fi èébì, inú rírun àti ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ́ dá hàn yín, àti ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń wọn ewé náà.

Òfin tún wà níbẹ̀. Láti 1803, ikú ni ìjìyà ẹni tó bá fún obìnrin ní oògùn ìṣẹ́yún lẹ́yìn tí ọlẹ̀ bá ti sọ nínú rẹ̀. Tí ọlẹ̀ kò bá tíì sọ, wọ́n lè rán ẹni náà lọ sí ìgbèkùn lókè òkun fún ọdún 14. Ọjọ́ tí ọlẹ̀ bá sọ, láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ni ìtàn irú èyí yẹ kó yí lé lórí. Kò sí àyẹ̀wò oyún kankan tó ṣeé gbára lé títí di ìparí àwọn ọdún 1920. Tí dókítà bá sọ fún obìnrin ní 1815 pé oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ dá ìwé náà padà.

Ìwé oníkọ́ńdọ̀mù àti oníkàn-ìn-kàn-ìn

Àwọn tó bá ṣe é dáadáa níbí ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé. Kọ́ńdọ̀mù ayé Regency, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dípò bàbá rẹ̀, 1811 sí 1820, ìfun àgùntàn ni, apá tí ẹnu rẹ̀ kan dí. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á ha ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kó lè gbẹ, wọ́n á gé e níwọ̀n, wọ́n á wá so ríbọ́nù mọ́ ẹnu tó ṣí. Nínú àpò, gbígbẹ ló máa ń gbẹ bíi bébà. Kó tó ṣeé lò, ó gbọ́dọ̀ wọ omi kó rọ̀, ríbọ́nù yẹn ni wọ́n sì ń so kó má bàa bọ́. Nítorí pé ó wọ́n, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ìṣòro rẹ̀ ti jáde níbẹ̀: èyí tí wọn kò rẹ dáadáa á ya, èyí tí ríbọ́nù rẹ̀ dẹ̀ á yọ, èyí tí wọ́n ti lò pẹ́ á lu. Òǹkọ̀wé tó mọ̀ ọ́n á jẹ́ kí abọ́ omi wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fò. Àìsàn tí wọ́n ń kó lọ́dọ̀ aṣẹ́wó ni àwọn ọkùnrin ń fi í sá fún jù. James Boswell, òǹkọ̀wé ará Scotland, kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní London ní 1762 sí 1763, kò fi bò. Nítorí náà, tí Duke kan, ìyẹn olóyè ńlá, bá yọ ọ́ jáde níwájú ọmọbìnrin ilé iyì, ó yẹ kójú tì í, tàbí kí ọmọbìnrin náà má tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, ọkùnrin òde òní lẹ ń kà nípa rẹ̀. Rọ́bà pàápàá kò tíì dé: 1844 ni Charles Goodyear gba ìwé àṣẹ ọ̀nà tí wọ́n fi ń se rọ́bà kó le, àárín àwọn ọdún 1850 ni kọ́ńdọ̀mù rọ́bà jáde, ó nípọn, ojú rírán sì wà lára rẹ̀.

Kàn-ìn-kàn-ìn inú òkun ni wọ́n ń gé, ìwọ̀n ínǹṣì kan níbùú lóròó, wọ́n á so okùn tàbí ríbọ́nù mọ́ ọn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tàbí fínígà, obìnrin á fi sínú ara rẹ̀ ṣáájú, á fà á yọ lẹ́yìn náà. Ní 1823 ni Francis Place, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará London, tẹ ìwé pélébé pélébé tó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tọkọtaya London. Kí ọdún yẹn tó dé, ọmọ pásítọ̀ kò lè ṣàdédé mọ̀ ọ́n: ẹ wò ó bóyá òǹkọ̀wé sọ ẹni tó kọ́ ọ, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti relé ọkọ, tàbí ìránṣẹ́bìnrin tó wá láti Faransé.

Ìwé tí ọkùnrin ti ń yọ kó tó dà

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òótọ́, èyí ló súnmọ́ ọn jù, torí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Àmọ́ bó ti rí lónìí náà ló rí nígbà yẹn: nínú 100 obìnrin tó gbára lé e fún ọdún kan, bíi 20 ló ń lóyún. Ìwé gidi á jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ pé kò dájú. Ẹ ṣọ́ra fún ìtàn ọkọ tó ń yọ nítorí pé ó búra pé òun kò ní bímọ, tí kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń parí ìjà náà nípa kí ìyàwó fi ọtí tàn án kó má bàa yọ. Ìfipábánilòpọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kì í sì í kìlọ̀.

Kíka ọjọ́ ńkọ́? Tí ó bá yọrí sí rere kí ọdún 1920 tó dé, orí ire ni. Ọ̀pọ̀ dókítà ọdún 1800 síwájú gbà pé àárín oṣù ni kò léwu, ìgbà náà gan-an sì ni oyún ń dúró. Dókítà Ogino ní Japan ní 1924 àti dókítà Knaus ní Austria ní 1928 ló tún ìṣirò náà ṣe.

Tí oyún bá ti dúró

Ibí ni òfin ti ń bá ìwé jẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí wọ́n bá bí kí ìgbéyàwó tó wáyé kò lè jogún oyè bàbá rẹ̀ láé. Bí wọ́n tilẹ̀ ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì, ó ti bọ́. Òfin 1926 tó jẹ́ kí ìgbéyàwó òbí sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ di ọmọ ilé kò fún un ní oyè. Àmọ́ ní Scotland, ìgbéyàwó òbí ń sọ ọmọ náà di ọmọ ilé. Ẹ wo ìlú tí ìtàn náà wà kẹ́ ẹ tó gbà pé àrólé ni ọmọ kékeré yẹn.

Ẹ tún wo ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ọmú ń dá oyún dúró, wọ́n sì ń takété sí ọkọ títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì ń gba obìnrin míì kó wá fún ọmọ wọn lọ́mú, oyún a sì tún dé kíá. Ọmọ 22 ni Emily, Duchess Leinster, bí. Tí ìyàwó Duke bá gbé ọmọ fún alágbàtọ́ tó sì lo ọdún mẹ́rin láìlóyún, ìwé náà jẹ wá ní àlàyé.

Ayé Ọbabìnrin Victoria àti Amẹ́ríkà

Ohun èlò tí kì í jẹ́ kí oyún dúró pọ̀ sí i lẹ́yìn 1880: kùnínì inú bọ́tà kòkó tí obìnrin ń fi sínú ara, tí W. J. Rendell ń tà ní London, àti ìdérí ilé ọmọ tí Mensinga ṣe ní Jámánì. Ní Amẹ́ríkà, òfin Comstock ti March 1873 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi wọ́n ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ìtàn ìgbèríko Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún yẹn tí ìyàwó àgbẹ̀ ti ń rà wọ́n ní gbangba kò ṣeé gbà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Tó bá jẹ́ ti orí ẹ̀rọ, ẹ ka apá tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi tí wọ́n bá gbà yín láyè láti wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé, ẹ tẹ “sponge” (kàn-ìn-kàn-ìn), “French letter” àti “sheath” (kọ́ńdọ̀mù), “pennyroyal” àti “courses”, orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan oṣù nígbà náà. Tí “courses” kò bá yọjú rárá, ìwé tó dákẹ́ ni. Tó bá jẹ́ bébà àlòkù, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé: ẹni tó bá ṣe ìwádìí sábà máa ń sọ ọ́ níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ ka ojú ewé tó tẹ̀ lé alẹ́ àkọ́kọ́ wọn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá obìnrin náà ń ka ọjọ́.