Tom Tom Club (1981): nígbà tí onílù àti oníbéèsì bọ́ síwájú

Ìlù ni etí mi máa ń kọ́kọ́ mú nínú orin, kí n tó mọ ohun tí akọrin ń wí. Ó lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí àwo Tom Tom Club fi wọ̀ mí lára tó báyìí, nítorí onílù àti oníbéèsì ló ni ín. Chris Frantz ló ń lùlù fún Talking Heads, ẹgbẹ́ olórin róòkì ará Amẹ́ríkà. Tina Weymouth, ìyàwó ẹ̀, ló ń ta jìtá béèsì. Ní 1981, David Byrne tó máa ń kọrin níwájú ti bá iṣẹ́ tara ẹ̀ lọ, Jerry Harrison, ẹnì kẹrin wọn, náà wà nídìí tiẹ̀. Ni tọkọtaya bá kọrí sí sítúdíò Compass Point ní Nassau, ní Bahamas, wọ́n kó àwọn ọmọ ìyá Tina lóbìnrin dání kí wọ́n wá ṣe elégbè. Steven Stanley, ọmọ Jàmáíkà, ló jókòó ti ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá gbọ́ Remain in Light, tí Talking Heads ṣe ní 1980, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé Fela wà létí wọn. Àwọn fúnra wọn kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí àwo yẹn ti dára tó, ara kì í tù mí nínú ẹ̀. Byrne ń sọ̀rọ̀ lórí ìlù bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Frantz àti Weymouth gbé irú ìlù bẹ́ẹ̀ lọ sí Nassau, wọ́n yọ ìpayà inú ẹ̀ kúrò. Eré ni wọ́n ń ṣe, ó sì hàn.

"Genius of Love", orin kan nínú àwo Tom Tom Club, ni mo tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ẹ fi íápíìsì sétí, kí ẹ fetí sí béèsì nìkan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní í sọ. Á sọ ọ́, á fi àyè sílẹ̀ fún àtẹ́wọ́, á tún un sọ, kò sì ní í sú yín. Ọmọbìnrin inú orin ń fi olólùfẹ́ ẹ̀ yangàn, àfi bó ṣe ṣẹ́rí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn olórin: Bootsy Collins, Smokey Robinson, Bob Marley, Sly àti Robbie. Nígbà tó kan James Brown, ṣe ni wọ́n ń pè é ní àpètúnpè. Bí onílù wa ṣe ń ki èèyàn lóde ijó ni mo gbọ́ ọ sí, àfi pé kò sẹ́ni tó ń náwó.

Mariah Carey lo orin yìí nínú "Fantasy" ní 1995, ẹ̀yìn ni èmi sì gbà wọlé. Ti Mariah ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo ti ń bínú pé àwọn wo ló jí orin ọmọ ọlọ́mọ báyìí, kí n tó wo ọdún tó wà lára àwo. Ojú tì mí.

Ìró táípúráítà ló ṣíde "Wordy Rappinghood", kí ìlù tó gbà á lẹ́nu ẹ̀. Tina kò kọrin níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ lórí ìlù, ó tún ń da Faransé mọ́ ọn. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó lé ní ìṣẹ́jú 6, ìṣẹ́jú 4 ì bá tó. "Lorelei" náà dára, lóru pàápàá. Ní ti "Booming and Zooming", mo máa ń fò ó. Nínú orin 8 tó wà níbẹ̀, mẹ́rin ni mo máa ń gbọ́ dé òpin.

Ẹ wá wo Stop Making Sense, fíìmù 1984 tí wọ́n fi eré orí ìtàgé Talking Heads ṣe. Láàárín eré, Byrne kúrò lórí ìtàgé, ó lọ wọ kóòtù gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Tom Tom Club, ìyẹn ẹgbẹ́ tọkọtaya náà, bá gba ibẹ̀. Tina tẹ orúnkún, ó ń rìn bí akàn, béèsì ò sì já lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ń pariwo láti ìdí ìlù. Lẹ́yìn náà ni Byrne padà dé pẹ̀lú kóòtù ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wò ó, mo máa ń gbàdúrà pé kí bọ́tìnnì kan há a níbẹ̀ díẹ̀ sí i.