Ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ fún ọmọ mi: èyí tí mo gbé padà àti èyí tó kù nílé

Oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 9, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ oníke kékeré tí mo rà fún un ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ó ki ègé àǹkárá méjì tí aránṣọ àdúgbò wa fún un bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, ó sì tan án. Ẹ̀rọ náà pariwo, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, òwú ń tú sílẹ̀ bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, nígbà tó sì dé ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po di ìlọ́po mẹ́rin, ó takú, ó kàn ń kùn. Ọmọ náà wo ojú mi, ó ní, "Dádì, ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?" Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Páálí rẹ̀ ló tàn mí. Àwòrán ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún mi sì fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ ọdún 6 pàápàá lè fi rán odidi aṣọ. Mo san ₦28,000, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ náà gbé e padà. Ọ̀gá onísọ́ọ̀bù jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà, kò sì dìde. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ó ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó nàka sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Mo sọ fún un pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ó ní, "Alàgbà, Àbújá ni òfin yẹn ń gbé. Dùgbẹ̀ ni ẹ wà yìí." Gbogbo àwọn tó wà nínú sọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, ìyẹn ló sì tún wá dá kún ìbínú mi. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ìlòkulò ni ọmọ mi lò ó, lójú ọmọ náà gan-an.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti ń yẹ ẹ̀rọ náà wò láti ìgbà tí mo ti gbé e kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ta ló fi abẹ́rẹ́ yìí sí i?" Èmi ni. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá ti ṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, mo sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì fi hàn mí pé ìdí abẹ́rẹ́ náà tẹ́ pẹrẹsẹ ní apá kan, ó sì rí roboto ní apá kejì. Ibi pẹrẹsẹ yẹn ni mo kọ sí ọ̀nà òdì. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kọjú síbi tí kò yẹ, ìkọ́ tó wà nísàlẹ̀ kò ní rí òwú mú, ẹ̀rọ á sì máa fo ojú ìrán. Ó yí i padà, ó mú ègé aṣọ fẹ́lẹ́ kan, ẹ̀rọ náà sì rán an láìfo ẹyọ kan. Ojú tì mí gidigidi. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó ṣẹ́ àǹkárá po ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ̀rọ náà sì takú gẹ́gẹ́ bí ó ti takú nílé. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ yìí o. Mọ́tò rẹ̀ ni kò lágbára." Ọ̀gá náà gbé ẹ̀pà sílẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ọmọ mi ni ọmọbìnrin náà ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ó bi í pé, "Àbúrò, kí lo fẹ́ rán?" Ọmọ náà ní aṣọ ìrọ̀rí àti aṣọ ọmọlángidi òun ni. Ó ní kó jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó irin tí wọ́n ń tẹ̀. Ó bi mí bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe ládùúgbò wa, mo kàn mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ olórí dúdú alọ́wọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí láìlo iná, ló yẹ wá. Irú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Butterfly sọ di mímọ̀ láàárín àwọn aránṣọ wa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ló wà lára tèmi. Àwòkọ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Singer bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọ̀rúndún 19 ni gbogbo wọn, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá ń wá bọ́bìn (ohun kékeré tí a ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí) tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò fi ní rìn jìnnà.

N kò tíì rí ohun tó bá ọmọdé mu tó o. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ọwọ́ òsì ń darí aṣọ, bí ọwọ́ bá sì ti dúró, abẹ́rẹ́ dúró. Gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin náà ṣe ní kí a ṣe, ìwé onílà ló fi bẹ̀rẹ̀ láìfi òwú sí i, ó ń gún ihò tọ ìlà lọ, títí ìlà rẹ̀ fi tọ́. Lẹ́yìn náà ni a yọ abẹ́rẹ́ tí ìwé ti kú ẹnu rẹ̀, a fi tuntun sí i, nọ́ńbà 14 fún àǹkárá. Ìlọ́po mẹ́rin tó dá ti oníke dúró, gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ ni èyí ń gun un kọjá. Aṣọ ìrọ̀rí mẹ́ta ló ti rán, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì ń sùn lé.

Ó wúwo ju ohun tí ọmọ lè dá gbé lọ. Irin tí a fi ń yí i máa ń tú, mo sì ń dè é ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Epo tí a kán sí i ní àkọ́kọ́ ti ba yúnífọ́ọ̀mù kan jẹ́, nítorí a kò mọ̀ pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi àkísà dánwò.

Ní ti owó, ọ̀gá náà gba ti oníke padà, ṣùgbọ́n ₦15,000 ló kà á sí, mo sì fi ₦95,000 lé e. ₦13,000 wọgbó láàárín ọjọ́ mẹ́rin, n kò sì gbọ́ "ẹ má bínú" kankan lẹ́nu rẹ̀. Mo fún ọmọbìnrin náà ní ₦2,000, ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Ọmọ mi ń wo ohun tí mò ń kọ, ó ní kí n fún ẹ̀rọ òun ní 5 nínú 5. Èmi ni mo sanwó, ₦13,000 mi ló sì wọgbó: 2 ni mo fún un.