Chauffe-eau onítáńkì, olójú-ẹsẹ̀ tàbí olóòrùn: ẹ fi gàràǹtí wọn wéra kí ẹ tó sanwó

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, omi òwúrọ̀ kì í ṣe ohun tí arúgbó àti ọmọ ọwọ́ lè fi wẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni àwọn èèyàn máa ń wá chauffe-eau, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, kiri. Ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ nawọ́ sí ní ìsọ̀ ni ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí: «gàràǹtí ọdún 5». Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé: ọdún 5 fún ẹ̀yà wo?

Onítáńkì

Lára àwọn tó ń wá láti Yúróòpù, ó wọ́pọ̀ kí táńkì ní ọdún 5, kí irin tó ń gbóná nínú omi àti tẹmọsítà (èyí tó ń pa iná nígbà tí omi bá gbóná tó) sì ní ọdún 2 péré. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi ń kọ èkejì yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú.

Irin ni táńkì náà, wọ́n fi tánganran bo inú rẹ̀. Ibi tí tánganran bá ti là díẹ̀ ni ìpẹtà ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ki ọ̀pá magnésium sínú rẹ̀: ọ̀pá yìí ni omi ń jẹ dípò irin. Tí ó bá jẹ ẹ́ tán, ó kan táńkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u wò ní ọdún méjì méjì; bí omi kànga tàbí ti forage (kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́) lẹ ń lò, kó jẹ́ ọdọọdún. Gàràǹtí kì í san owó ọ̀pá náà, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ kọ táńkì sí yín lọ́rùn.

Groupe de sécurité, ẹ̀yà kékeré tó ń tú omi jáde kí táńkì má baà bẹ́, ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ó máa ń ṣí bí agbára omi bá dé bar 7. Omi tó bá gbóná máa ń wú: táńkì lita 100 lè da nǹkan bí lita 3 nù nígbà tó bá ń gbóná. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìdérí dí i nítorí pé ó ń kán ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa gàràǹtí ya, táńkì náà sì lè bẹ́. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ẹfun má baà dì í.

Ẹ má tan iná sí i kí omi tó kún. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi yóò fi máa dà geere láìsí afẹ́fẹ́. Irin tó bá gbóná láìsí omi máa ń jó kíákíá, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó ń san ìyẹn.

Olójú-ẹsẹ̀

Èyí kò ní táńkì: bí omi ṣe ń kọjá nínú rẹ̀ ló ń gbóná. Ọdún 1 tàbí 2 ni wọ́n sábà máa ń fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó kéré, àmọ́ kò ní ẹ̀tàn nínú. Iná ni ìṣòro rẹ̀. Èyí tó jẹ́ wáàtì 5500 ń fa ańpíà 25 lórí 220 V, nígbà tí onítáńkì wáàtì 1500 kò ju ańpíà 7 lọ. Bí kọńtà SBEE (ilé iṣẹ́ iná Benin) yín bá jẹ́ ańpíà 10, yóò máa já ṣáá ni. Bí wáyà bá sì tín-ín-rín ju 6 mm² lọ, tó wá yọ́, ẹjọ́ yín ni, kì í ṣe tiwọn. Iná tó ń lọ sókè sódò náà kò sí nínú gàràǹtí.

Olóòrùn

Ìwé méjì lẹ ó gbà: ti pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn, tó máa ń tó ọdún 5 sí 10, àti ti táńkì, tó kéré sí i. Dígí tí òkúta fọ́ kò sí nínú ọ̀kankan.

Ọwọ́ ta lẹ ti ń rà á?

Èyí tí ẹ bá rà ní Nàìjíríà, tó gba Ìgòló tàbí Ìlárá wọlé, gàràǹtí rẹ̀ sábà máa ń kù sí òdìkejì bọ́dà. Venant, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ní tirẹ̀ kò ní ju «ẹ gbé e lọ dán wò» lọ. Venant olójú-ẹsẹ̀ ṣì ṣeé rà. Onítáńkì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kò lè rí inú rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ gàràǹtí ń fúnni ní ẹ̀yà tuntun, kì í san owó ọkọ̀ tàbí owó iṣẹ́. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu ju 200 kìlómítà lọ. Fún ará Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu, ọdún 2 lọ́wọ́ ọlọ́jà tó ní oníṣẹ́ nítòsí sàn ju ọdún 5 tó wà ní Kútọnu lọ. Ará Àjàṣẹ́ lè mú ọdún 5, torí ọ̀nà rẹ̀ kò jìn.

Lórí facture, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́, nọ́ńbà ẹ̀rọ àti iye ọdún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ kékeré tẹ̀ máa ń ṣá láàárín oṣù díẹ̀, nítorí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táńkì náà pẹ̀lú, kí wọ́n tó gbé e kọ́ ògiri, torí pé ibi tí ògiri máa ń bò ni nọ́ńbà ọ̀hún sábà máa ń wà.