Pẹpẹ agbẹ́rù fún ilé iṣẹ́: tòkunbọ̀ àbí èyí tí wọ́n jó ní Ìkòròdú?

Ká ní tọ́ọ̀nù méjì lẹ fẹ́ máa gbé sókè. Ẹ lè ra tuntun láti òkè òkun, ẹ lè ra tòkunbọ̀, ẹ sì lè ní kí àwọn tó ń jó irin ní Odògúnyàn, ní Ìkòròdú, ṣe é. Tuntun ò ní àròyé: owó gọbọi ni, ẹ ó sì dúró de ọkọ̀ ojú omi. Àwọn méjì yòókù ni iṣẹ́ wà lára wọn.

Tòkunbọ̀ máa ń dùn-ún wò tí wọ́n bá ti kùn ún tán. Ẹ má wo ọ̀dà. Ẹ ní kí wọ́n na sìlíńdà rẹ̀ (àgbá tí epo ti ń ti ọ̀pá jáde láti gbé pẹpẹ sókè) tán, kí ẹ fi èékánná ha ọ̀pá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, ìpẹtà ti jẹ kúróòmù tí wọ́n fi bo ọ̀pá níbẹ̀, á sì máa gé rọ́bà tó ń dá epo dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹrù lé e, ẹ pa iná, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, kí ẹ lọ jẹun. Bó bá ti rọlẹ̀ kí ẹ tó dé, epo ń jò nínú nìyẹn. Ẹ ka àwo ara mọ́tò náà: iná ti Amẹ́ríkà 60 Hz ni (iye ìgbà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa 50 Hz, nítorí náà eré mọ́tò tó bá ti ibẹ̀ wá á dín ní ìdá kan nínú mẹ́fà.

Èyí tí wọ́n jó níbí, ìwọ̀n yín ni wọ́n á tẹ̀ lé, ẹni tó ṣe é ò sì jìnnà. Ìṣirò ni mo máa ń fura sí. Bí pẹpẹ alápá síṣọ́ọ̀sì (tí apá rẹ̀ ń ṣí, tó ń pa dé bíi ti àlùmọ́gàjí) bá wà nílẹ̀ pátápátá, apá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ni sìlíńdà lára jù. Agbára tó fẹ́ á ju ẹrù lọ ní ìlọ́po. Ẹni tó bá ní "sìlíńdà tọ́ọ̀nù méjì ti tó, ọ̀gá," ẹ dágbére fún un. Sìlíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 100 mm, pẹ̀lú epo tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 160 bar, á ti bíi tọ́ọ̀nù 12. Kí wọ́n má fi páìpù omi ṣe é o! Irin ni kí wọ́n jó. Sìlíńdà, pọ́ǹpù àti fáàfù, ẹ ra ojúlówó. Kí fáàfù tó ń tì fúnra rẹ̀ bí hóòsì bá bẹ́ wà nídìí sìlíńdà, kí irin ìtì wà fún ẹni tó bá máa wọ abẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ti Odògúnyàn ni màá mú. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù? Tòkunbọ̀ tó bá yege ti tó. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má san owó tó kù àfi tó bá gbé tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lójú yín.